Ẹ Dá A Dúró, Ẹ Jókòó Tì Í

*ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

Ọ̀pọ̀ ló sùn tí kò jí. Àwa jí, a sì rí ojúmọ́ tuntun. Kì í ṣe mímọ̀ọ́ṣe wa, àánú Ọlọ́run ni. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ẹ dúró díẹ̀. Bí ẹ bá ń dáná lọ́wọ́, ẹ yọ igi díẹ̀ kúrò lábẹ́ ìkòkò, kí a jọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*Bíbélì kíkà:* Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26-35, Lúùkù 8:4-18.

Lónìí, rédíò kékeré ni mo fẹ́ fi ṣe àpèjúwe. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: rédíò onímẹ́mọ̀rì yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní MP3. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ihò kan wà fún mẹ́mọ̀rì, ihò kan wà fún fláàṣì, bátìrì rẹ̀ sì dà bíi ti fóònù kékeré àtijọ́. Ṣakí o, Ìséyìn o, Òkèhò, Tedé, títí dé Ìgbòho, kò sí ibi tí ẹ kò ti ní bá a. Àgbẹ̀ á gbé e kọ́ ẹ̀ka igi, á máa kọ ebè lábẹ́ rẹ̀. Fúlàní darandaran á fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Àwọn tó ń hun òfì ní Ìséyìn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì wọn, orin á máa dún, ọwọ́ á máa lọ, ọwọ́ á máa bọ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ rédíò yìí ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Arákùnrin kan kàn béèrè pé ṣé kí òun ra ọ̀kan fún ìyàwó òun ni. Háà! Ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ju òkò sínú ilé oyin. Oníkálukú ní tirẹ̀ láti sọ.

Arábìnrin kan tó ń hun òfì ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Ẹ má rà á o! Owó yín á wọgbó ni.” Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni tòun lò. Nígbà tó kọ́kọ́ rà á, ó fi mẹ́mọ̀rì 128 GB sí i, torí ó rò pé bó bá ṣe tóbi tó ni orin á ṣe pọ̀ tó. Rédíò ò dá a mọ̀ rárá, kò sọ̀rọ̀. Ó tún lọ ra kékeré, ó wá ń dún. Àṣé ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò yìí, 32 GB ni òpin ohun tí wọ́n lè kà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fi í sórí iná láti alẹ́ di òwúrọ̀, lójoojúmọ́ tí iná bá ti wà. Ìgbà tó yá, bátìrì wú bí àkàrà, ìdérí ẹ̀yìn ò pa dé mọ́. Fọ́nrán òwú náà ti wọ inú bọ́tìnnì. Ó parí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní tòun ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ojú ti òun nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń kó orin sí mẹ́mọ̀rì fún àwọn èèyàn ló bá a kó orin tó lé ní ẹgbẹ̀rún sí i. Kò béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbé rédíò lọ sí ìsọ́-òru, wọ́n ní kí ó fi orin ìyìn sí i kí àwọn ará tó dé. Ó tẹ bọ́tìnnì, ohun tó jáde, n kò lè kọ ọ́ síbí. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwọn àgbà ń wojú ara wọn. Ó ní, “Rédíò tèmi ni, àmọ́ mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.” A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mélòó nínú wa ló lè sọ ohun tó wà nínú ọkàn ara rẹ̀, kí wàhálà tó tẹ bọ́tìnnì?

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ nǹkan kan. Bàbá yìí ò mọ̀wé. Tirẹ̀ ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Nínú nylon ló máa ń wé e sí nígbà ọyẹ́ kí eruku má baà wọ̀ ọ́, sólà kékeré ló sì fi ń ṣáájì rẹ̀ ní ahéré. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n kà sókè nìkan ló wà lórí mẹ́mọ̀rì rẹ̀. Bí a bá ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ, Bàbá yìí á sọ ìtàn Jósẹ́fù fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fo ibì kankan. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, kí lẹ ṣe tí tiyín fi dára báyìí?” Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, “Ajíhìnrere, mo máa ń dá a dúró ni.”

Wọ́n ní bó bá di alẹ́, tí àwọn lébìrà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá jẹun tán, gbogbo wọn á jókòó yí rédíò ká. Bó bá ka ìtàn dé ibì kan, Bàbá á tẹ ẹ́, á dákẹ́. Wọ́n á wá máa sọ ọ́. “Kí ló dé tí àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù fi kórìíra rẹ̀? Ṣé bàbá wọn jàre?” Wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn wọ́n á dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ̀yin ará, rédíò kan náà ni o. Iye owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹnìkan ní owó òun ṣòfò, ẹnìkan ní ó dójú ti òun, ẹnìkan ní ó ń bọ́ ọkàn òun. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Kò sí. Ẹ padà sí Lúùkù orí kẹjọ tí a kà. Irúgbìn kan náà ni afúnrúgbìn fọ́n. Èyí tó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ayédèrú, èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ rere kì í ṣe òyìnbó. Ibi tó bọ́ sí ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí Jésù fi fi ìkìlọ̀ kan kádìí ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ 18. Kò wulẹ̀ ní kí a máa gbọ́. Ó ní kí a ṣọ́ ọ̀nà tí à ń gbà gbọ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín láàárọ̀ yìí. Nígbà tí Bàbá yẹn ní òun máa ń dá rédíò dúró, àyà mi já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ṣakí ni ìyá mi ń gbé. Ìyá àdúrà ni wọ́n. Nígbà tí mo wà nílé, tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tí wọn ò lè ka Bíbélì mọ́, èmi ni mo máa ń kà á fún wọn láràárọ̀ kí n tó jáde. Kì í yá rárá. Bí mo bá ka ẹsẹ mẹ́ta, màmá á ní, “Dúró ná.” Wọ́n á béèrè nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á fi orin kan sí i. Orí kan lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa. Nígbà mìíràn inú á máa bí mi, torí mo fẹ́ tètè jáde.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ Olúwa gbé mi wá sí Ìséyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mò ń lọ wò wọ́n dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023: owó ọkọ̀ tí a ń san tẹ́lẹ̀ ò gbé èèyàn débì kankan mọ́. Lílọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ni mo bá ní ọgbọ́n dé. Mo ra rédíò onímẹ́mọ̀rì. Mo kó Bíbélì Yorùbá lódidi sí i. Bíbélì tí wọ́n kà sókè láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 70 sí 80, síbẹ̀ mẹ́mọ̀rì 4 GB tí kò tó èékánná àtàǹpàkò lè gbà á. Mo gbé e lọ fún wọn. Mo ní, “Màmá, Bíbélì tó ń sọ̀rọ̀ rè é. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún yín mọ́.” Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ fi jẹ́rìí ní ìjọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè wọ́n, mo máa ń béèrè pé, “Màmá, ṣé rédíò ń ṣiṣẹ́?” Wọ́n á ní, “Ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi.” Mi ò fìgbà kan béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ó lé ní oṣù mẹ́rin kí n tó tún dé Ṣakí. Mo wá rédíò títí, mi ò rí i. Orí àpótí aṣọ ni mo ti bá a, wọ́n fi gèlè wé e, kò ní eruku kankan. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Kò sí iná nínú bátìrì rẹ̀. Inú bí mi. Mo ti ń sọ ohun tí màá bá ẹni tó tà á fún mi wí. Màmá gbọ́ ìbínú mi, wọ́n ní, “Jókòó. Kò bàjẹ́. Ọkùnrin tó ń kà á yẹn, ohùn rẹ̀ dùn. Àmọ́ bí mo bá ní kó dúró, kì í dúró.”

Wọ́n ní ní ọjọ́ kan, ó ń ka ìtàn Rúùtù. Ó dé ibi tí Rúùtù ti lọ pèéṣẹ́ ọkà lóko. Wọ́n bi rédíò pé, “Náómì ńkọ́? Ta ló jókòó tì í nílé?” Rédíò ń kà á lọ ni. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti wọ orí kẹta. Wọ́n ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Wọ́n pa á. Wọn ò tàn án mọ́.

Ẹ̀yin ará, mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run nílé ẹ̀kọ́, mo sì gba ìwé ẹ̀rí. Kò sí ìwé tó bá mi wí bí ìbéèrè ìyá mi ṣe bá mi wí. Ta ló jókòó ti Náómì nílé? Rédíò náà ò ṣẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni mo ní kó ṣe. Mo ní kó jẹ́ ọmọ fún ìyá mi.

Ẹ wo ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí a kà nípa rẹ̀ ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ. Èèyàn ńlá ni, òun ló ń ṣọ́ ìṣúra ayaba. Ìwé wòlíì Àìsáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Kódà ó ń kà á sókè, nítorí Fílípì gbọ́ ọ láti ìta. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń dún nínú kẹ̀kẹ́ yẹn bíi rédíò. Kí ló wá kù? Fílípì bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Ìdáhùn ọkùnrin náà ni pé báwo ló ṣe fẹ́ yé òun láìsí ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà? Ó ní kí Fílípì gòkè wá jókòó pẹ̀lú òun. Ìwé ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó ni kò tíì dé. Ibi tí Fílípì jókòó sí ni ìbéèrè ti jáde, ibẹ̀ náà ni ìhìnrere ti wọlé.

Ẹ tún jẹ́ kí n rán yín létí ọmọ ilẹ̀ wa níbí. Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìséyìn, ni wọ́n bí Àjàyí Crowther sí. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú náà lẹ́rú, tí wọ́n sì ya Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Sàró ló ti kọ́ ìwé, tó sì gba Jésù. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Bíbélì tó jáde lódidi ní 1884, èyí tó wà nínú rédíò wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ní 1846, nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà yẹn, kò tíì sí odidi Bíbélì Yorùbá tí ó lè gbé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ní ni ẹnu rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Èmi wá rèé: odidi Bíbélì wà lọ́wọ́ mi, ìyá mi wà láàyè ní Ṣakí, kò sí ẹni tó kó wa lẹ́rú. Owó ọkọ̀ nìkan ló wà láàárín wa.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ò dára o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ju rédíò rẹ̀ nù. Ní 1939, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Joy Ridderhof, tó ti ṣe míṣọ́nnárì ní Honduras kí àìsàn tó dá a padà sílé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Gospel Recordings. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ̀wé náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìhìnrere ní èdè abínibí rẹ̀, kódà bí oníwàásù ò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbà á sí. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi páálí ṣe, èyí tí kò nílò bátìrì, tí kò nílò iná. Ọwọ́ èèyàn ló ń yí àwo náà kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá kúrò, ọ̀rọ̀ dákẹ́. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọn ò lè gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún arúgbó kí wọ́n sì máa lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá mi? Mo ṣáájì rédíò lọ́jọ́ náà. A jókòó, a tún bẹ̀rẹ̀ Rúùtù. Mo fi ìka wọn lé bọ́tìnnì tó ń dá a dúró, mo lẹ tépù kékeré mọ́ ọn kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, bó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, mo máa ń pè wọ́n. Ọmọ aládùúgbò wọn á tan rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, a ó jọ gbọ́ orí kan. Màmá á ní, “Dúró ná,” ọmọ náà á tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ̀kì á já wa jù. Nígbà mìíràn, mi ò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ á mú mi gbàgbé, wọ́n á sì rán mi létí lọ́jọ́ kejì. Mo sì ti tún ń lọ sí Ṣakí. Ó ń ná mi lówó, àmọ́ mo ń lọ.

Àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Obì náà kì í rìn wá bá èèyàn. Ẹni tó bá jókòó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ fún.

*Kí la máa ṣe lónìí?*

1. Bí ẹ bá ní rédíò yìí, ẹ lo mẹ́mọ̀rì tí kò ju 32 GB lọ, ẹ má fi í sórí iná mọ́jú, ẹ bò ó nígbà ọyẹ́. Ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń kó orin sí i. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ tí kò yẹ ọmọ Ọlọ́run, ẹ pa á rẹ́.

2. Bí ẹ bá ń gbọ́ Bíbélì tàbí ìwàásù, ẹ má jẹ́ kó kàn máa dún lọ bí òjò orí páànù. Ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ẹ bi ara yín pé: kí lọ̀rọ̀ yìí ń bá mi sọ? Ìṣàrò òwúrọ̀ yìí pẹ̀lú. Ẹ má kà á tán kí ẹ kàn fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́wàá, kí ó má sì ṣe nǹkan kan nínú yín.

3. Ẹ ronú kan ẹnìkan tí ẹ ti fi nǹkan rọ́pò ara yín lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ bàbá tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí tí ẹ ò wò. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ẹ gbé fóònù lé lọ́wọ́ kó má baà dà yín láàmú. Ó lè jẹ́ ìyàwó tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lọ jókòó tì í. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ pè é, kí ẹ sì jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ jù yín lọ.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:* Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún Ọ̀rọ̀ rẹ ní èdè wa. Dárí jì wá níbi tí a ti gbọ́ tí a ò fetí sí i. Dárí jì wá níbi tí a ti rán nǹkan lọ síbi tó yẹ kí a fẹsẹ̀ ara wa rìn dé. Ìwọ ò rán ìwé nìkan sí wa, Ìwọ rán Ọmọ rẹ, ó wá, ó sì bá wa gbé. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò lọ, etí tí yóò gbọ́, àti sùúrù tí yóò dúró nígbà tí wọ́n bá ní, “Dúró ná.” Ràn gbogbo ìyá àti bàbá tí wọ́n dá wà nílé láàárọ̀ yìí lọ́wọ́, jẹ́ kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹni tó ń lọ sóko, tó ń lọ sọ́jà, tó wà nídìí òfì, a ó bọ̀ láyọ̀.

Èmi ni, Ajíhìnrere yín, láti Ìséyìn.